Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn Mùsíọ́mù: Ère, Ewé, Kòkòrò àti Ọ̀rọ̀ tí Ó Jẹ́ Tiwọn

Bí ènìyàn bá dìde ní Ilémọnà, lẹ́bàá Ọ̀fà, tí ó kọjú sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, kò ní rìn jìnnà púpọ̀ kí ó tó dé Ẹ̀sìẹ́. Ìlú yìí ni a kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sí ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí i, kí ti Jọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e ní 1952, ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954, àti ti Èkó ní 1957. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, yálà nígbà tí a wà ní ọmọ ilé-ìwé tàbí nígbà tí àwa gan-an ń kó ọmọ ilé-ìwé lọ. A wọlé, a wo ohun tí wọ́n tò sílẹ̀, a ka ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, a sì jáde. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń tò síta fún àlejò kéré níye lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó wà ní ìyẹ̀wù, iṣẹ́ tí ojú àlejò kì í sì í tó ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilé náà. Iṣẹ́ ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Bí mo ti rí i, orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: kí ohun tí a kó pamọ́ má ṣe já kúrò lára ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ tirẹ̀. Níbo ni a ti rí i? Nígbà wo? Ta ni ó mú un wá? Kí ni àwọn tí ó ni ín ń pè é? Bí okùn yìí bá já, ohun náà lè ṣì lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ó ti ya odi.

Ẹ jẹ́ kí a ti Ẹ̀sìẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ère tí ó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, òkúta sì ni wọ́n, yàtọ̀ sí amọ̀ sísun díẹ̀ tí a bá láàrin wọn. Èyí tí ó kéré jù kò ga ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Àwọn tí ó tóbi sì tó mítà kan. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Irun wọn yàtọ̀ síra, a fín ilà sí ojú ọ̀pọ̀ wọn, a sì gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sí ọrùn àwọn kan. Àwọn mìíràn di idà tàbí àdá mú, kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan: obìnrin pẹ̀lú gbé ohun ìjà, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn tí ń kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá máa rò sí ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan tí ń jẹ́ Baragbọ́n ni ó bá wọn pàdé nínú igbó. Ó sọ pẹ̀lú pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, pé àlejò ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ọ̀kan láàrin wọn ni Ọba Ère, a sì máa ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé yìí kò dà bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé ìṣúra lásán. Àwòrò ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì ní láti máa gbọ́ ara wọn yé.

Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramsay, alábòójútó àwọn ilé-ìwé ìjọ C.M.S., mú ìròyìn àwọn ère náà dé etí ìjọba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. D. Clarke kọ̀wé lé wọn lórí ní 1938. Ní 1943 ìjọba fi Kenneth Murray, tí ó ti wá sí ilẹ̀ yìí ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọdún kejì lẹ́yìn èyí sì ni ilé Ẹ̀sìẹ́ dìde. Inú mi máa ń dùn láti tọ́ka sí i pé olùkọ́ àti alábòójútó ilé-ìwé ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún olùkọ́ pé ọ̀rọ̀ mùsíọ́mù kò kàn án.

Nígbà tí a óò fi kó àwọn ère náà sábẹ́ òrùlé tí ó dára, orí ti ya kúrò lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, gba iṣẹ́ kíkà wọn, títò wọn àti kíkọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan; ìwé tí ó kọ lé wọn lórí sì jáde ní 1978. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí lè rò pé kò sí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju kí á gbé orí lé ọrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí a bá gbé ọgọ́rùn-ún orí sí ìhà kan, tí a gbé ọgọ́rùn-ún ara sí ìhà kejì, kì í ṣe ojú ni a fi ń mọ ìyá tí ó ni ọmọ. A óò wo àwọ̀ òkúta, nítorí pé òkúta kan lè ní eérú nínú, òmíràn kí ó pọ́n díẹ̀. A óò wo bí ìlà inú òkúta ti gba ọrùn kọjá, bóyá èyí tí ó wà lára bá èyí tí ó wà lórí mu. A óò fi ẹnu ibi tí ó ti kán kan ara wọn, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ó má baà tún rún sí i. A óò wo bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a gbẹ́ sí ọrùn bá parí sí ibi tí ó yẹ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá fẹnu kò ni a tó lè sọ pé, ‘Èyí ni ti èyí.’ Bí kò bá fẹnu kò, kí á fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó sàn. Orí tí a fi ìkánjú lẹ̀ mọ́ ara tí kì í ṣe tirẹ̀ burú ju orí tí kò ní ara lọ: èyí tí kò ní ara ń sọ òtítọ́ ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a lẹ̀ ti ń purọ́ fún gbogbo ẹni tí ó bá wò ó.

Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn yẹ ní sísọ. Àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é ní òkúta ọṣẹ, nítorí pé ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun kan náà tí a ń lọ̀ kúnná ṣe páúdà ara. Nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta, láti 1 dé 10, orí 1 ni ohun yìí wà, dáyámọ́ǹdì sì wà lórí 10. Èékánná ọwọ́ wa gan-an lé díẹ̀ ní 2. Èyí ni pé èékánná lè há a. Ìdí nìyí tí agbẹ́gilére tí ó bá ní ọ̀bẹ tí ó mú fi lè gbẹ́ ẹ bí ẹni gbẹ́ igi, ìdí kan náà sì ni ó fi ṣòro láti tọ́jú. Ẹni tí ó bá mú kànìnkànìn àti omi ọṣẹ láti fi wẹ ère Ẹ̀sìẹ́ ń wẹ ojú rẹ̀ nù ni. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni wọ́n fi ń gbọn eruku rẹ̀, ipa irin tí agbẹ́gilére àtijọ́ fi sílẹ̀ sì wà lára àwọn ohun tí a kò gbọdọ̀ gbọn nù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí wọn ni ó fi okùn tí mo ń wí hàn kedere jù. Kò sí ọ̀nà tí a fi lè bi òkúta léèrè ọjọ́ tí a gbẹ́ ẹ, nítorí pé òkúta náà ti wà kí a tó dá ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí a sun yàtọ̀. Bí iná bá ti sun amọ̀, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé aago inú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àwọn onímọ̀ sì lè gbóná díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n wo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde, kí wọ́n sì fi mọ iye ọdún tí ó ti kọjá. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tí a ṣe fún amọ̀ sísun láti Ẹ̀sìẹ́ tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Ẹ kíyèsí i pé amọ̀ ni ó sọ̀rọ̀, òkúta kò sọ nǹkan kan. Kí ni ó fún wa láṣẹ láti fi ọjọ́ orí amọ̀ ro ti òkúta? Kìkì pé a mọ̀ pé ibì kan náà ni a ti bá wọn. Bí ẹnìkan bá ti gbé amọ̀ náà kúrò tẹ́lẹ̀, tí ó gbé e lọ tà láìkọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀, àyẹ̀wò náà ìbá ṣì fún wa ní ọdún 1100, ṣùgbọ́n a kì bá tí mọ ohun tí a óò fi ọdún náà ṣe.

Nísinsìnyí, báwo ni wọ́n ti ń so okùn náà? Ìwé ńlá kan wà tí a kì í gbé jáde kúrò nílé. Ọjọ́ tí ohun kan bá wọlé ni a óò kọ ọ́ sínú rẹ̀, a óò sì fún un ní nọ́ńbà. Bí a bá rí 45.1.27, tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ní 1945 ni ó wọlé, nínú ẹrù kìn-ín-ní tí a gbà lọ́dún náà, òun sì ni ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú ẹrù náà. A óò kọ nọ́ńbà yìí sí ara rẹ̀, ní ibi tí ojú àlejò kò ní tètè dé, bí abẹ́ tàbí ẹ̀yìn. A kì í kọ ọ́ sí ara rẹ̀ ní tààrà. Fáníìṣì tí ó mọ́ gaara ni a óò kọ́kọ́ fi kun ibẹ̀ díẹ̀, kí ó gbẹ. A óò fi tàdáwà kọ nọ́ńbà lé e lórí. A óò tún fi fáníìṣì bò ó. Bí ó bá di dandan lọ́jọ́ iwájú pé kí á pa á rẹ́, a lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìpa ohun náà lára. Bí ohun náà bá tilẹ̀ fọ́ tàbí tí ó sọnù, a kì í gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún òmíràn láé. Kò sí Babátúndé nínú ìwé yìí.

Ẹ̀sùn kan wà tí èmi ní sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní í ya ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa lẹ́nu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ẹni tí ó sì ń kọ ọ́ láyé àtijọ́ kì í sábà gbọ́ èdè ẹni tí ó mú ohun náà wá. Ìróké tí babaláwo fi ń lu ọpọ́n lè di ‘ọ̀pá eyín erin’. Ọ̀sun lè di ‘irin tí a gbé ẹyẹ lé’. Wọn kò parọ́. Eyín erin ni, ẹyẹ sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ìróké nínú ìwé náà kò ní rí i láé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Mo ti mẹ́nu kan òkúta gẹ́gẹ́ bí òkúta, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ère nìkan. Ìyẹn ni ó mú mi dé irú ilé ìkópamọ́ kejì, èyí tí a kì í fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sí bí kò ṣe ewé, ẹyẹ, ẹja, egungun àti kòkòrò. Irú rẹ̀ wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìbàdàn ẹ̀wẹ̀, ilé tí wọ́n ń kó ewé igbó sí wà láti 1948, ewé gbígbẹ tí ó wà níbẹ̀ sì lé ní 100,000. Àwọn tí kò mọ ìlò rẹ̀ a máa bú sẹ́rìn-ín: kí ni a fẹ́ fi ọ̀kẹ́ márùn-ún ewé gbígbẹ ṣe?

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó lọ sóko yóò já ẹ̀ka kan tí ó ní ewé àti òdòdó tàbí èso, nítorí pé ewé nìkan kò tó láti fi mọ igi. Yóò tẹ́ ẹ sáàrin ìwé ìròyìn, yóò fi pákó méjì dì í mọ́ra, yóò sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà títí omi yóò fi tán lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a óò rán an tàbí lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí funfun kan, a óò sì kọ sí igun rẹ̀ nísàlẹ̀: orúkọ ìlú, ọjọ́, irú ilẹ̀ tí ó hù sí, gíga igi náà, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ (nítorí pé àwọ̀ máa ń ṣá), orúkọ ẹni tí ó já a, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ti ẹyẹ yàtọ̀: awọ rẹ̀ ni a ń bó, tí a óò kó òwú sí i nínú, tí a óò sì so ìwé rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ejò àti ẹja wà nínú ọtí. Kòkòrò oníkarahun ni a ń gún ní abẹ́rẹ́ ní apá ọ̀tún díẹ̀, kì í ṣe ní àárín gbùngbùn, kí apá òsì lè kù ní odindi fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ti egungun, àwọn kan ń sin kòkòrò kan tí ń jẹ ẹran gbígbẹ. Wọn a gbé egungun fún un, a sì jẹ ẹ́ mọ́ dé ibi tí ọ̀bẹ kò lè dé. Ẹbí kòkòrò yìí kan náà ni, bí ó bá rí ọ̀nà wọ yàrá ìkópamọ́, tí yóò jẹ gbogbo ẹyẹ inú rẹ̀ tán. Alágbàṣe ní yàrá kan, olè ní yàrá kejì.

Àwa tí ń kọ́ èdè Yorùbá ni ó yẹ kí a jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ewé náà. Orúkọ kan lè jẹ́ ti ewé kan ní Ìbọ̀lọ́, kí ó sì jẹ́ ti òmíràn ní Ìjẹ̀bú. Ewé kan náà sì lè ní orúkọ púpọ̀, bí ẹ̀gẹ́, gbágùúdá àti pákí ti jẹ́ ohun kan ṣoṣo. Ẹni tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, tí ó kọ ‘irú ewé kan’ sí iwájú orúkọ ewé, kò tíì túmọ̀ ohunkóhun. Páálí tí ewé wà lára rẹ̀, tí orúkọ Yorùbá wà ní igun rẹ̀, tí orúkọ ìlú sì wà lábẹ́ rẹ̀, ni ó lè bá wa parí àríyànjiyàn náà. Àwọn onímọ̀ ewé pẹ̀lú nílò tiwa. Chlorophora excelsa ni wọ́n ń pe ìrókò fún ìgbà pípẹ́; wọ́n tún ìdílé rẹ̀ gbé yẹ̀ wò, ó sì di Milicia excelsa. Ẹni tí ó bá mú ìwé àtijọ́ lọ́wọ́ lè ṣìnà láàrin orúkọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìrókò kò yí padà kúrò ní ìrókò.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ dé orí oúnjẹ. Ní nǹkan bí 1973, a rí kòkòrò kan lára gbágùúdá ní ilẹ̀ Kóńgò. Kòkòrò kékeré ni, ó dà bí ẹni pé a da láfún sí i lára. Ó ń fa omi ara ewé mu títí gbogbo orí igi náà yóò fi ká kò, nínú oko mìíràn ó sì lè run tó 80 nínú 100 ìkórè. Ó tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́, kí àwọn ọdún 1970 tó parí ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1977, Danielle Matile-Ferrero, ní ilé ìkópamọ́ ńlá tí ó wà ní Paris, yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé kò tíì ní orúkọ nínú ìwé, ó sì sọ ọ́ ní Phenacoccus manihoti.

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni gbágùúdá ti wá. Àwọn onímọ̀ rò ó pé ibẹ̀ ni kòkòrò náà pẹ̀lú yóò ti wá, àti pé ọ̀tá tí ń pa á jẹ níbẹ̀ kò bá a rìnrìn àjò. Wọ́n lọ wá ọ̀tá náà. Ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà, wọ́n bá kòkòrò kan lára gbágùúdá tí ó jọ tiwa bí ìbejì, wọ́n sì kó àwọn ohun tí ń jẹ ẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò ṣe kòkòrò tiwa ní nǹkan kan. Owó ti lọ, ọdún ń yí, gbágùúdá ń kú lóko. Ìgbà tí a gbé àwọn méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí a fi ti ibí wé ti ọ̀hún lórí gíláàsì, ni ó tó hàn pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Tiwa pọ́n díẹ̀, abo sì ni gbogbo rẹ̀. Ti ọ̀hún ní àwọ̀ òféfèé, ó sì ní akọ. Ní 1981, Cox àti Williams fún èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀hún ní orúkọ tirẹ̀, Phenacoccus herreni. Wọ́n wá ọ̀nà gba gúúsù lọ. Ní orílẹ̀-èdè Paraguay ni wọ́n ti bá ojúlówó kòkòrò tiwa, wọ́n sì bá agbọ́n kékeré kan tí ń yé ẹyin sí i nínú. Nínú ọdún 1981 kan náà ni ilé iṣẹ́ IITA tí ó wà ní Ìbàdàn tú agbọ́n náà sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn ńlá lórí oúnjẹ àgbáyé ní 1995. Ẹni tí ó bá jẹ gààrí lónìí, kí ó rántí pé gíláàsì méjì nínú dúróòwù wà lára ohun tí ó gbà á là.

Mo padà sí yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀tá tí ó wà níbẹ̀ pọ̀, ọ̀rinrin sì ni olórí wọn. Lákòókò òjò, ìwé a máa bu, awọ a máa hu olú, irin a máa dípẹtà. Lákòókò ọyẹ́, igi tí ó ti mu omi a tún gbẹ lójijì, a sì là. Kì í ṣe òjò nìkan tàbí ọyẹ́ nìkan ni ó ń pa ère igi. Ìyípadà láti ọ̀kan sí èkejì ni. Ikán ń bọ̀ láti ilẹ̀, nítorí náà a kì í gbé ohunkóhun lé ilẹ̀ lásán, bẹ́ẹ̀ ni a kì í jẹ́ kí pẹpẹ kan ògiri. Kòkòrò tí ń jẹ igi gbígbẹ ń bọ̀ láti inú ère tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Èyí ni a ṣe máa ń ya ohun tuntun sọ́tọ̀, tí a óò fi ọ̀rá dì í, tí a óò sì gbé e sínú ẹ̀rọ amóhun-dì fún ọjọ́ púpọ̀ kí kòkòrò àti ẹyin rẹ̀ kú. Ní ibi tí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ọ̀nà yìí kò ṣe é gbójú lé. Ìgbálẹ̀, iná ìléwọ́ àti ojú tí kì í rẹ̀ ni ó kù. Ìyẹ̀fun kékeré tí a bá rí lábẹ́ ère láàárọ̀, tí kò sí níbẹ̀ lánàá, ìròyìn ńlá ni fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà.

Olè pẹ̀lú wà. Ní 1987 ni wọ́n fọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Jọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbé ohun mẹ́sàn-án lọ, tí orí idẹ Ifẹ̀ kan wà lára wọn. Ní 2007 a tà á ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní owó tí kò tó nǹkan. Ìgbà tí ẹni tí ó rà á gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2017 láti tún un tà ni àwọn olùtajà rí i pé òun ni orí tí wọ́n jí gbé ní Jọ́ọ̀sì, tí àwọn ọlọ́pàá sì gbà á. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá. Kì í ṣe ẹlẹ́rìí ni ó dá a mọ̀, àkọsílẹ̀ ni. Ère Ẹ̀sìẹ́ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu yìí: ní ọdún 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé ṣe ìwé ìkìlọ̀ lórí àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí olè ń lépa jù, wọ́n dárúkọ wọn nínú rẹ̀. Láti 1997 sì ni ìlànà kan ti wà tí ọlọ́pàá, aṣọ́bodè àti mùsíọ́mù jọ ń tẹ̀ lé: kí àwòrán ohun náà wà, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà, ohun tí a fi ṣe é, àmì tí ó wà lára rẹ̀, àti àléébù rẹ̀. Àléébù ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ère ẹgbẹ̀rún lè jókòó lórí àpótí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni etí òsì rẹ̀ ya ní irú ọ̀nà yìí.

Èyí tó mú mi ronú kan Ilémọnà ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jáde ní agbègbè wa ni ó bọ́ sọ́wọ́ olè. Púpọ̀ ni a tà, a fi ta ọrẹ, tàbí a gbé fún ẹni tí ó bèèrè. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Ìlọrin ni a ka Ọ̀fà, Ilémọnà, Èrìn-Ilé àti Ẹ̀sìẹ́ sí. Ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde nígbà náà lè wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan ní ìlú òyìnbó lónìí, kí ìwé tí ó wà lára rẹ̀ má sọ ju ‘Ìlọrin’ lọ. Ìwé náà kò parọ́, ṣùgbọ́n ìlú tí ó ni ohun náà kò lè bèèrè rẹ̀, nítorí pé kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìbọ̀lọ́ àti Ìgbómìnà, ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ, gbogbo wọn wọ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà, wọn kò sì lè jáde mọ́.

Kò pọn dandan kí ilé ìwé girama dúró de ìjọba kí ó tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́, ìwé ńlá kan, àti olùkọ́ kan tí kì í fi iṣẹ́ òní dọ̀la ti tó. Bí ọmọ bá mú ọ̀kọ̀ àṣọfì ìyá àgbà rẹ̀ wá, kí olùkọ́ má tíì gbé e lé pẹpẹ. Kí ó rán ọmọ náà padà sílé lọ bèèrè: Ilé ta ni ó ti wá? Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Kí ni orúkọ ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohùn Ilémọnà, kì í ṣe ní ohùn Ọ̀yọ́? Irú aṣọ wo ni wọ́n fi í hun, nígbà wo ni wọ́n sì hun ti ìkẹyìn? Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ìwé pélébé tí wọn yóò fi òwú so mọ́ ọn. Kí wọ́n má ṣe lo téèpù, nítorí pé gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń ba igi jẹ́. Bí ó bá jẹ́ alángbá tàbí ejò nínú ìgò ọtí ni, kí ìwé rẹ̀ wọ inú ìgò lọ bá a, má ṣe jẹ́ kí ó wà lára ìdérí, nítorí pé ìdérí máa ń pààrọ̀ ìgò. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ ọ́. Bírò a máa ṣàn nínú ọtí, láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ páálí funfun lásán ni yóò kù nínú ìgò pẹ̀lú ejò.